Orí Kẹjọ: Ibo Ni Omi Náà Gbà Lọ?

Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ tí oòrùn ti ń yọ bí ọba tó gun orí ìtẹ́, tí ó sì dàgbà sí ibi tí ọyẹ́ oṣù Kejìlá kò ti lè ṣe ju kí ó la ènìyàn ní ètè kí ó sì mú awọ ara rẹ̀ funfun lọ, kò lè mọ ohun tí à ń pè ní òtútù títí di ọjọ́ tí yóò jí ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ nínú oṣù Kìíní ní Peckham ní London, tí yóò na ọwọ́ sí rédíétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, tí yóò sì bá a bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ kan òkúta ìsàlẹ̀ odò. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, pè mí lórí fóònù. Wọn kò jẹ́ kí n kí wọn tán.

“Tíṣà, bọ́ìlà mi tún ti kú o.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ bá mi wo géèjì rẹ̀, níbo ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà?”

“Ó ti sùn sí òdo. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti bu omi sí i láti ìgbà Kérésì, mà?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ọmọ mi, ta ní í ka iye ìgbà tí òun fún ọmọ lómi mu?”

Ìdáhùn yìí ni ó mú mi kọ orí ìwé yìí, nítorí kì í ṣe Màmá nìkan ni ó ń ro ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ a máa mu omi, omi náà a sì tán lára rẹ̀, nítorí ó ń làágùn, ó ń sunkún, ó sì ń tọ̀. Nígbà tí òùngbẹ bá tún gbẹ ẹ́, a ó tún fún un. Ẹ̀rọ amúlémóoru, èyí tí àwa tí ń gbé ní London ń pè ní hítìn, kì í ṣe ọmọ, kì í sì í mu omi. Omi tí a rọ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbé e kalẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa yí po nínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí po nínú ara. Bí ó bá wá dín, ọ̀nà kan ni ó gbà jáde, ọ̀nà náà sì ní àmì, ẹni tí ó bá sì mọ àmì náà yóò tọpa rẹ̀ bí ọdẹ ti ń tọpa ẹran lórí ìrì òwúrọ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa dé London ní àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti àwọn nọ́ọ̀sì tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, kò ní ìṣòro yìí, nítorí wọn kò ní irú ìgbádùn yìí. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń háyà; sítóòfù kẹrosínì ni wọ́n ń tàn sí àárín rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ń wọ aṣọ wọ irun, tàbí kí wọ́n máa sọ ṣílè sí ẹnu mítà gáàsì, tí ó jẹ́ pé bí ṣílè bá ti tán lọ́wọ́, iná tán nílé, oníyàrá a sì wọ kóòtù sùn. Èédú ni àwọn onílé fúnra wọn ń dá nínú ààrò, èéfín rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó bo ìlú náà mọ́lẹ̀ nínú oṣù Kejìlá ọdún 1952, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi kú, tí ìjọba sì fi ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní ọdún 1956. Díẹ̀díẹ̀ ni páìpù omi gbígbóná gba ipò ààrò èédú, títí ó fi di pé ilé tí kò ní i ni a ń nàka sí.

Ètò náà kò ṣòro í yé ni. Bọ́ìlà ni àdógán rẹ̀: inú ibẹ̀ ni iná, ọmọ ọ̀rárá, ti ń jó gáàsì, tí ó sì ń fi ooru rẹ̀ fún irin kan tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Pọ́ǹpù kan ń ti omi yìí lọ sí yàrá gbogbo. Ó wọ inú rédíétọ̀, ó já ẹrù ooru rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bí alájàpá ti ń já ẹrù fún oníbàárà, ó sì padà wálé láti wá ru òmíràn. Omi yìí kì í bá omi tí a ń mu pàdé. Nítorí náà, ẹni tí omi ṣáwà rẹ̀ kò sáré jáde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kí ó má ṣe wá ìwòsàn rẹ̀ síhìn-ín. Bákan náà, àwọn ilé àtijọ́ kan ṣì wà tí wọ́n gbé táǹkì kékeré kan sí òkè àjà, tí omi rẹ̀ ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ti ti ìsàlẹ̀. Irú wọn kò ní géèjì, bí omi wọn bá sì dín, ìléfòó tó wà nínú táǹkì náà ni ó sábà máa ń há. Èyí tí a ń sọ nínú orí yìí ni irú èyí tí a dé pa, tí kò sí ibi tí omi rẹ̀ ti ń rí ojú sánmà.

Ìdí tí a fi dé e pa ni ìfúnpá, èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní prẹ́ṣọ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ni abẹ́rẹ́ géèjì ń sọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́. Àwọn tí ń fa omi kànga nílẹ̀ Ítálì ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí pọ́ǹpù ti wù kí ó lágbára tó, kò lè fa omi gòkè ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1643 ni Evangelista Torricelli lo ìgò gígùn kan tí a rọ mẹ́kúrì kún, tí a da ojú rẹ̀ dé inú àwo mẹ́kúrì mìíràn, a sì rí i pé mẹ́kúrì inú ìgò náà sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró gbọnin ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76, bí ẹni pé ọwọ́ kan gbé e ró. Ọwọ́ náà ni afẹ́fẹ́ tí a ń mí, tí gbogbo wa ń ru ìwúwo rẹ̀ lórí láìmọ̀. Ìwúwo afẹ́fẹ́ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti omi tó ga ní mítà 10 dọ́gba, òun náà sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí a ń pè ní bar 1, orúkọ tí wọ́n mú láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìwúwo.

Ẹ wá wo ilé alájà kan tí bọ́ìlà rẹ̀ wà nílé ìdáná nísàlẹ̀. Bí rédíétọ̀ tó ga jù bá fi mítà 5 ga ju géèjì lọ, bar 0.5 yóò ti bá a lọ kìkì nítorí kí omi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó kù ni yóò máa ti omi náà mọ́ ara irin kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe bọ́ìlà fi ń sọ pé kí abẹ́rẹ́ wà láàárín bar 1 sí 1.5 nígbà tí ohun gbogbo bá tutù. Bí ó bá gbóná, ó lè gòkè dé nǹkan bíi 2, kò sí aburú nínú ìyẹn. Bí ó bá wá sùn sí òdo, kì í ṣe pé omi ti tán pátápátá nínú páìpù. Omi náà kò ní agbára ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ mọ́ ni, àwọn rédíétọ̀ òkè yóò sì máa gba afẹ́fẹ́ sínú. Bọ́ìlà ìgbàlódé tó rí bẹ́ẹ̀ a máa pa ara rẹ̀, nítorí kí iná má bàa jó sí ìdí irin tí omi kò sí nínú rẹ̀. Kò kú, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni.

Bí a ti ń bu omi sí i, èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Onílé lè ṣe é fúnra rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ náni ní kọ́bọ̀. Kí ó pa bọ́ìlà, kí ó jẹ́ kí ó tutù. Lábẹ́ rẹ̀, tàbí nítòsí, yóò rí páìpù rírọ̀ kan tí a fi wáyà híhun aláwọ̀ fàdákà bò, tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ, tí fáàfù wà ní ìhín àti ọ̀hún rẹ̀. Kí ó ṣí ọ̀kan tán, kí ó wá máa ṣí èkejì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Yóò gbọ́ tí omi ń hó ṣíṣì bí ejò tí a tẹ̀ nírù, abẹ́rẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tí ó bá dé bar 1.2 tàbí lé díẹ̀, kí ó ti méjèèjì, kí ó tú páìpù náà kúrò, kí ó sì fi ìdérí rẹ̀ dé e. Òfin omi ọdún 1999 ni ó ní kí a tú u, wọn kò sì ṣòfin náà lásán: omi inú rédíétọ̀ dúdú, ó kún fún ìpẹtà àti oògùn, a kò sì fẹ́ kí ó gba ibẹ̀ padà sínú omi tí gbogbo àdúgbò ń mu. Àwọn bọ́ìlà kan wà tí a kọ́ ti wọn mọ́ wọn nínú, tí ó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ tàbí ìfà kékeré kan ni a ó yí. Ìwé tó bá bọ́ìlà wá yóò sọ bó ti rí.

Kí ojú má sì ṣe kúrò lára abẹ́rẹ́. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún kejì tí mo dé ìlú yìí, èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì ní Ìbàdàn, mo ṣí fáàfù méjèèjì, fóònù dún, ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ìsìnkú sì ni. A kò tíì pinnu àwọ̀ gèlè tí aládùúgbò mi fi ń gbá ilẹ̀kùn, tí ó ń bi mí bóyá mo mọ̀ pé omi ń tú láti ara ògiri mi sí ojú ọ̀nà òun. Abẹ́rẹ́ ti kan bar 3, fáàfù ìdáàbòbò sì ti ṣí.

Ṣùgbọ́n kí a bu omi sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí lẹ́yìn tí a tu afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ jáde, yàtọ̀ sí kí a máa bù ú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ń ṣe èyí àkọ́kọ́ ń tọ́jú ilé rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe èkejì ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Ó dùn mí pé àwọn oníṣẹ́ kan wà tí wọ́n mọ ìyàtọ̀ yìí tí wọn kì í sọ. Ọkùnrin kan ti wá sí ilé Màmá ṣáájú mi, ó bu omi sí bọ́ìlà, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń yìn ín, ó gba owó, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo dé ilé Màmá ní agogo mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni kò ní ẹ̀bi: rédíétọ̀ tó gbóná nísàlẹ̀ tí ó tutù lókè, afẹ́fẹ́ ni ó gba orí rẹ̀, bí a bá fi kọ́kọ́rọ́ kékeré tú u, afẹ́fẹ́ yóò fọn jáde títí omi yóò fi yọjú, abẹ́rẹ́ géèjì yóò sì sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n àyè tí afẹ́fẹ́ náà gbà. A bu omi dí i, ó parí. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wo ẹsẹ̀ rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀; bí nọ́ọ̀tì kò bá sì tú, omi kò lè jáde. Ohun tí ń tan ènìyàn jẹ níbí ni pé a máa ń retí adágún. Omi tí ń sun láti ara páìpù gbígbóná kì í dé ilẹ̀, ooru ti fà á gbẹ kí ó tó kán. Ohun tí yóò fi sílẹ̀ ni èépá funfun, tàbí àwọ̀ ewé bí ti idẹ tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, yí nọ́ọ̀tì náà ká. Nítorí náà, ìgbà tí ilé bá tutù ni kí a wá a, kí a sì fi tíṣù gbígbẹ wé ẹsẹ̀ rédíétọ̀ kí a tó lọ sùn. Tíṣù kì í purọ́. Àwọn tí páìpù wọn wà lábẹ́ pákó ilẹ̀ tàbí nínú kọnkéré ni iṣẹ́ wọn le: kí wọ́n máa wo òkè àjà fún àbàwọ́n aláwọ̀ tíì, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ wò bóyá ibì kan móoru níbi tí kò yẹ kí ó móoru. Ní ilé Màmá, gbogbo ẹsẹ̀ rédíétọ̀ gbẹ fúrúfúrú.

Mo wá bu omi sí i dé bar 1.2, mo tan bọ́ìlà, mo fa àga kan, mo jókòó tì í bí ẹni ń sè ẹ̀wà. Màmá ní kí ni mò ń wò. Mo ní abẹ́rẹ́ ni. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti di 1.8. Kí tíì tí wọ́n fún mi tó tutù, ó ti kọjá 2.5. Nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 3, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mo jáde sí àgbàlá, mo sì rí i: páìpù bàbà kan tó yọ lára ògiri, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ padà sí ara bíríkì, omi gbígbóná ń tú níbẹ̀, ó ń rú èéfín nínú òtútù, ewédò sì ti hù sí ara bíríkì ibẹ̀ nìkan, tútù yọ̀yọ̀, nígbà tí gbogbo ògiri yòókù gbẹ.

“Àṣé omi tí mò ń bù láti ìgbà Kérésì,” ni Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà, “àgbàlá ni mò ń bù ú sí!”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Omi a máa wú bí ó bá gbóná. Àwọn tí ń dáná mọ̀ ọ́n láìka ìwé, nítorí ìkòkò tí a bu omi kún dé ẹnu yóò da díẹ̀ sórí iná kí ó tó hó. Lítà 100 omi tútù, bí a bá mú un gbóná dé ìwọ̀n 80, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di lítà 103. Nínú ìkòkò, lítà 3 yìí yóò dà sílẹ̀. Nínú ètò tí a dé pa, kò ní ibi tí yóò dà sí, omi kò sì ṣe é fún pọ̀ bí òwú, bẹ́ẹ̀ ni irin kò ní gbà fún un. Nítorí èyí ni a ṣe fi àgbá kékeré kan sínú ètò náà, pupa ni ó sábà máa ń jẹ́, tí a fi awọ rọ́bà kan pín inú rẹ̀ sí méjì: omi wà ní apá kan, afẹ́fẹ́ tàbí náítírójìn wà ní apá kejì, tí a ti fẹ́ dé nǹkan bíi bar 0.75 sí 1. Nígbà tí omi bá wú, rọ́bà yóò tẹ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ yóò sì sún fún un bí ìrọ̀rí ti ń sún fún orí. Nígbà tí omi bá tutù, afẹ́fẹ́ yóò tì í padà. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni àgbá yìí ń ṣe, kò sí ẹni tí ń kí i.

Ṣùgbọ́n bí táyà ọkọ̀ tó dúró sójú kan ti ń tú díẹ̀díẹ̀ láìsí ìṣó kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú àgbá yìí ń dín lọ́dọọdún. Rọ́bà rẹ̀ náà sì lè ya. Nígbà náà, lítà mẹ́ta tó wú kò ní ìrọ̀rí mọ́, abẹ́rẹ́ yóò fò sókè, bí ó bá sì kan bar 3, fáàfù ìdáàbòbò yóò ṣí, yóò tu omi náà síta kí irin má bàa bẹ́. Bí bọ́ìlà bá kú lálẹ́, omi tó kù yóò sún kì, abẹ́rẹ́ yóò sì lọ sùn sí òdo. Onílé tó jí ní òwúrọ̀ kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí ti kan àjà rí. Òdo nìkan ni ó rí, omi nìkan ni ó sì rò. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni gbogbo tó bá pè mí pé kí ó ka géèjì lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tí ilé tutù àti ìgbà tí ó gbóná. Èyí tó lọ láti 1.2 sí 1.8 tàbí 2 tí ó sì padà sí 1.2, ara rẹ̀ le. Èyí tó ń fò láti òdo dé 3, ẹ wo àgbá rẹ̀. Èyí tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ ṣáá, yálà ó gbóná tàbí ó tutù, omi rẹ̀ ń sun níbì kan.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Fáàfù ìdáàbòbò tó ti ṣí lẹ́ẹ̀melòó kan kì í sábà dé mọ́ dáadáa, nítorí ìyanrìn ìpẹtà a máa há sí ẹnu rẹ̀. A lè tún àgbá fẹ́, kí fáàfù náà ṣì máa kán tótó síta, kí abẹ́rẹ́ sì máa sọ̀kalẹ̀ bí ti àná. Nítorí náà mo gba abọ́ kan lọ́wọ́ Màmá, ọ̀kan nínú àwọn abọ́ áísìkiriìmù tí wọ́n fi ń kó ọbẹ̀ sí fírísà, mo sì gbé e sí abẹ́ páìpù bàbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, abọ́ ni kí ẹ gbé sí i. Mo ti rí ibi tí ẹnìkan ti fi igi dí ẹnu irú páìpù bẹ́ẹ̀ nítorí kí ó má bàa kán mọ́, ìyẹn sì dà bí ẹni di imú ìkòkò tí ń hó. Kí a má sì ṣe ṣi páìpù rọ́bà tàbí ike tó wà nítòsí rẹ̀ mú fún un. Omi tí èéfín bọ́ìlà ń dì sí ni ìyẹn ń gbé jáde, kíkán rẹ̀ kì í ṣe àrùn.

Bí àgbá bá le, tí ẹsẹ̀ rédíétọ̀ gbẹ, tí abọ́ náà sì gbẹ, a ó dán ohun kan wò. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ bọ́ìlà, fáàfù méjì wà tí ó lè pín bọ́ìlà níyà pẹ̀lú páìpù ilé, ọ̀kan fún omi tí ń lọ, èkejì fún èyí tí ń bọ̀. Kí a pa bọ́ìlà, kí a ti wọn, kí a sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí géèjì bọ́ìlà ti sọ̀kalẹ̀, inú bọ́ìlà ni omi gbà lọ, ó sì lè jẹ́ pé irin tí iná ń jó sí ti lu, tí omi rẹ̀ ń bá omi èéfín jáde nínú ike tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìnáwó ńlá ni. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró síbi tó wà, tí ó sì já nígbà tí a ṣí fáàfù padà, inú ilé ni kí a ti wá a.

Ẹnìkan lè ní omi ni, omi kò sì wọ́n, kí ni ó burú bí òun bá ń bù ú kún un títí ayé? Ohun tó burú wà nínú omi tuntun náà. Omi ẹ̀rọ ń gbé ọ́síjìn wọlé. Ọ́síjìn yìí ni irin rédíétọ̀ fi ń dípẹtà. Omi tó ti pẹ́ nínú rédíétọ̀ ti lo ọ́síjìn rẹ̀ tán, ó ti dákẹ́, kò ní ìjà mọ́. Èyí tí a ń bù wọlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń jí ìjà náà sílẹ̀. Ìpẹtà rẹ̀ a máa di ẹrẹ̀ dúdú kan tí òòfà ń gbé, a rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ títí ìsàlẹ̀ yóò fi tutù nígbà tí òkè gbóná, èyí tí í ṣe òdìkejì ti afẹ́fẹ́. A wọ inú pọ́ǹpù, a sì dí ojú ọ̀nà tóóró inú bọ́ìlà. Oògùn ìdènà ìpẹtà tí oníṣẹ́ rọ sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ń ṣàn jáde bá omi tí ń lọ, ó ń di làlà. Bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òun ń fún bọ́ìlà lómi, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fún un ní májèlé.

Wíwò, bíbu omi, títú afẹ́fẹ́, gbígbé abọ́ kalẹ̀: ọwọ́ onílé dé ìwọ̀nyí. Títú ikùn bọ́ìlà kò sí lára wọn. Wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Gas Safe Register, ìwé tó gba ipò ti àtijọ́ tí à ń pè ní CORGI ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ lórí gáàsì ní ilé onílé. Káàdì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí ẹ̀yìn ni a kọ irú iṣẹ́ tó mọ̀ sí. Gáàsì tí kò jó dáadáa a máa tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì jáde, èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí í pa ènìyàn lójú oorun. Ẹni tí ń háyà ilé, kí ó tilẹ̀ má ra sípánà rárá: títún hítìn ṣe wà lọ́rùn onílé, ó sì gbọ́dọ̀ mú ẹni tó wà nínú ìwé náà wá yẹ ẹ̀rọ gáàsì wò lọ́dọọdún.

Ọmọbìnrin kan ni ó wá tún ti Màmá ṣe, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó tẹ ẹnu àgbá náà, èyí tó rí gẹ́lẹ́ bí ẹnu táyà, omi sì tu sí i lọ́wọ́ dípò afẹ́fẹ́. Rọ́bà ti ya. Ó pààrọ̀ àgbá, ó pààrọ̀ fáàfù, ó rọ oògùn tuntun sí i, ó sì jókòó ti géèjì fúnra rẹ̀ títí ó fi gòkè dé 1.7, tí ó dúró síbẹ̀. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bu ìrẹsì fún un lọ sílé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí abọ́ wa ṣì wà lábẹ́ páìpù fún oṣù kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni fóònù tún dún.

“Tíṣà, mo lọ wo abọ́ yẹn láàárọ̀ yìí.”

“Omi wà nínú rẹ̀, mà?”

“Ewé gbígbẹ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ṣé mo lè mú un wọlé? Mo ti se ẹ̀fọ́ rírò, mi ò rí ohun tí mo máa fi kó o sí fírísà.”